Bí A Ṣe Gba Ìkéde Ìlú fún Ọjọ́ Fòníkú-Fọ̀ladìde

Àwa òbí tí ọmọ wa ní fòníkú-fọ̀ladìde, àìsàn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sickle cell, ní ẹgbẹ́ kékeré kan níbi tí mò ń gbé ní Amẹ́ríkà. Ohun tí a ń wá lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ìlú ni pé kí wọ́n kéde ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà, ọjọ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti yà sọ́tọ̀ fún àìsàn yìí láti ìparí ọdún 2008. Èmi ni ẹgbẹ́ ní kí n bójú tó o. Mo ń kọ èyí kí ẹni tó bá fẹ́ béèrè irú rẹ̀ lè mọ ohun tí àwọn kánsẹ́lọ̀ ń wò kí wọ́n tó gbà.

Ìkéde kì í ṣe òfin. Kò fi dandan mú ẹnikẹ́ni, kò sì ya owó sọ́tọ̀ fún nǹkan kan. Ìwé kan ṣoṣo ni, tí méyọ̀ fọwọ́ sí, tí èdìdì ìlú sì wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn ìlú ni, ìdí nìyẹn tí wọn kì í pín in kiri. Láwọn ìlú kan, méyọ̀ nìkan ló ń pinnu. Níbòmíràn, gbogbo ìgbìmọ̀ ló ń dìbò. Tiwa wà láàárín méjèèjì: akọ̀wé ìgbìmọ̀ á yẹ ìwé wò, kánsẹ́lọ̀ kan á gbé e kalẹ̀, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá ta kò ó, ìdìbò ló kù.

Fọ́ọ̀mù náà kò le. Ṣé ará ìlú lẹni tó ń béèrè? Ṣé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ọjà títà, ti ẹ̀sìn tàbí ti ìpolongo ìdìbò? Ẹgbẹ́ kan kò lè gbà ju ẹyọ kan lọ lọ́dún.

Mo bi akọ̀wé, màmá àgbà kan tó mọ iṣẹ́ náà dunjú, ìdí tí wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ báyìí. Ẹjọ́ Boston ni wọ́n sọ fún mi. Láàárín ọdún 2005 sí 2017, ìlú Boston gba ètò 284 láàyè láti gbé àsíá sókè níwájú gbọ̀ngàn ìlú, wọn ò kọ ìkankan. Ní 2017 ni wọ́n wá kọ àsíá ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ kan. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, ní oṣù Karùn-ún 2022, àwọn adájọ́ mẹ́sàn-án fohùn ṣọ̀kan pé Boston jẹ̀bi: ìlú tí kò yẹ ohun tó ń gbà wọlé wò kò lè pa dà wá sọ pé ohùn òun ni. Ó tẹ́ mi lọ́rùn pé wọ́n kọ ìlànà sílẹ̀. Níbi tí kò bá sí ìlànà, ẹni tó bá mọ èèyàn nílé ìjọba ló máa ń rí ìkéde gbà, ẹgbẹ́ bíi tiwa á sì máa wòran.

Ẹni tó ń béèrè ló ń kọ ìwé ìkéde fúnra rẹ̀, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ló ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé”, títí tí a ó fi kan “Nítorí náà”. Mo kọ ọ́ pé nǹkan bí 100,000 èèyàn ní Amẹ́ríkà ló ní àìsàn yìí. Màmá ní kí n so ìwé ẹ̀rí mọ́ ọn, mo sì lo ti CDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń dènà àrùn. Mo kọ ọ́ pé láti 2006 ni gbogbo ìpínlẹ̀ ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ìkókó wò fún un; wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́ pé ẹ̀jẹ̀ tí àwọn ará ìlú wa ń fi sílẹ̀ ló ń gba àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ ikú. Èyí ni wọ́n ní kí n gbé sókè pátápátá, torí ohun àkọ́kọ́ tí àwọn kánsẹ́lọ̀ máa ń béèrè ni ohun tó kan ìlú nínú ọ̀rọ̀ náà.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn ń rọ ìjọba ìpínlẹ̀ pé kó fi owó kún ti ilé ìwòsàn. Màmá fi bírò pupa fa igi lé e lórí. Wọ́n ní ìkéde kì í bá ìjọba mìíràn béèrè nǹkan. Ìpinnu ìgbìmọ̀ ló ń ṣèyẹn, ìyẹn sì gba àríyànjiyàn àti ìbò. Ó dùn mí, torí owó yẹn gan-an la nílò jù, ṣùgbọ́n mo yọ ọ́.

Ìpàdé bọ́ sí ọjọ́ Tuesday tó ṣáájú, nítorí ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà náà ni Juneteenth, ọjọ́ ìrántí òpin òwò ẹrú ní Amẹ́ríkà, tó ti di ìsinmi gbogbo orílẹ̀-èdè láti 2021. Onílé ìtajà kan ti béèrè ìkéde fún àyájọ́ ọjọ́ tó dá ilé ìtajà rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé ìkíni ni wọ́n fún un. Ìkéde míì tí wọ́n béèrè, tó dá lórí ogun kan lókè òkun, ló gba àkókò jù. Kánsẹ́lọ̀ kan béèrè pé, “Bí a bá fọwọ́ sí èyí, ta ni à ń gbẹnu sọ fún?” Òmíràn fèsì pé àwọn ará ìlú tí ẹbí wọn wà níbẹ̀ náà ń san owó orí. Àwọn méjèèjì ní òótọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n dìbò, kò wọlé.

Tiwa kọjá láìsí ìbò. Ilé ìfẹ̀jẹ̀sílẹ̀ ti ń lò ó lára pátákó ìpolówó wọn. Ṣùgbọ́n ìkéde kì í tún ara rẹ̀ ṣe lọ́dọọdún. A gbọ́dọ̀ tún béèrè. Kánsẹ́lọ̀ wa ti gbà láti tún gbé e kalẹ̀, ó sì ní kí n mú iye àwọn ará ìlú tó fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún yìí dání.