Bí ẹ ṣe lè fi kálíkúlétọ̀ mọ iye epo tí mọ́tò yín máa jẹ kí ẹ tó gbéra nílé

Ẹ bi dẹ́rẹ́bà kan ní Tákíè pé lítà mélòó ni ọkọ̀ ẹ̀ ń jẹ láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìbàdàn, owó ló máa dá lóhùn, kò ní dárúkọ lítà. Èmi náà ò sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀, mo kàn ń ra epo owó ni, tí iná epo bá ti tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù mo tún yà sílé epo. Ìgbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo lọ́dún 2023 tí owó lítà fò sókè ni mo wá jókòó ti kálíkúlétọ̀ mi, torí èmi tẹ́lẹ̀ ẹni tó fẹ́ràn kí n máa fi kálíkúlétọ̀ ṣeré ni, ìyàwó mi ní ọmọdé ló ṣì ń yọ mí lẹ́nu.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín ò le. Corolla 2005 lèmi ń wà, ṣùgbọ́n mọ́tò èyíkéyìí ló máa ṣiṣẹ́ fún.

Kọ́kọ́ lọ kún táǹkì. Kún un dáadáa, kí ẹnu pọ́ǹpù dá ara ẹ̀ dúró, kó ṣe "kàá", ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fi mọ. Ibí yìí ni ìjà máa ń wà, torí ọmọ tó ń ta epo máa ní "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ n bá yín gbé e dé ogún ẹgbẹ̀rún, mi ò ní ṣéńjì," á sì máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má gbà fún un. Tó bá ti fún lítà kan tàbí méjì mọ́ ọn lẹ́yìn tó ti dúró, ìṣirò yín ti wọ́ nìyẹn. Ẹ wá tẹ bọ́tìnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà títí tíríìpù, ìyẹn òǹkà tó ń ka bí mọ́tò ṣe rìn tó, máa fi padà sí 0.

Ẹ máa wà á lọ. Ẹ má tíì wọn nǹkan kan títí epo fi máa wálẹ̀ dé ìdajì ó kéré tán, torí tẹ́ ẹ bá wọn lítà mẹ́rin péré, àṣìṣe ìdajì lítà ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n nínú ogún lítà kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ nǹkan kan. Tó bá ti tó, ẹ padà sí ilé epo kan náà, pọ́ǹpù kan náà tó bá ṣeé ṣe, ẹ tún kún un títí tó fi ṣe "kàá". Lítà tí pọ́ǹpù kọ lẹ́ẹ̀kejì yìí ni mọ́tò yín jẹ. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀, ẹ ya fọ́tò tíríìpù náà. Ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù ńkọ́? Mo ti dé ilé epo kan tí pọ́ǹpù wọn ní òun ti gbé lítà 52 sínú táǹkì mi, táǹkì tó jẹ́ pé 50 ni ìwé ọkọ̀ ní ó ń gbà, epo díẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀ kí n tó dé ibẹ̀ o. Mi ò pariwo, mo kàn sanwó mo jáde, n kò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Ó wá kan ibi tó jẹ mí lówó. Lẹ́yìn tí mo lọ Ìbàdàn tí mo dé, tíríìpù mi ka 148, pọ́ǹpù ka lítà 19. Mo fi 148 pín 19, mo sọ ọ́ di ìlọ́po 100, ó fún mi ní 12.84, ìyẹn ni pé mọ́tò ń jẹ lítà tó fẹ́ẹ̀ tó 13 nínú 100 kìlómítà. Háà! Corolla? Mo gbé e lọ bá bàbá mẹkáníìkì mi, wọ́n ní púlọ́ọ̀gì ti jó, a pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n tún fọ torọ́tùlù, mo sanwó, mo tún wọn epo, nọ́ńbà ò yí padà. Ọjọ́ kan tí mò ń ti Ọ̀yọ́ bọ̀ ni mo tún tẹ tíríìpù sí 0 lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, mo kọjá Odò Ọbà, nígbà tí mo máa fi dé ilé tíríìpù ní 33 ni mo rìn, bẹ́ẹ̀ Google Maps ní ó lé ní 50. Ẹ̀rín ló pa mí. Tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ni mọ́tò náà, máìlì ló ń kà! Máìlì kan jẹ́ 1.609 kìlómítà, nítorí náà 148 yẹn 238 kìlómítà ni, epo tó sì ń jẹ ò ju 7.98 lọ nínú 100 kìlómítà. Kò sí nǹkan tó ṣe púlọ́ọ̀gì yẹn láti ọjọ́ náà. Ẹ wo ojú mítà ìsáré yín dáadáa kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, tó bá jẹ́ MPH ni wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ, tí km/h wá kéré nínú, máìlì ni mọ́tò yẹn ń kà nìyẹn, ti ìlú Ọba náà bẹ́ẹ̀ ni.

Kálíkúlétọ̀ wá kàn. Tó bá jẹ́ Casio fx-991ES tí gbogbo ọmọ ilé ìwé ń lò lẹ ní, ìyẹn náà tó. Kò ṣeé kọ pírógíráàmù (àwọn àṣẹ tó máa tẹ̀ lé fúnra ẹ̀) sí, ṣùgbọ́n ó ní bọ́tìnì kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò tẹ̀ rí, CALC, ó wà lábẹ́ SHIFT. Ẹ tẹ MODE, ẹ tẹ 1, kí ẹ wá tẹ èyí:

100×A÷B

A jẹ́ lítà, B jẹ́ kìlómítà (tó bá jẹ́ máìlì, 100×A÷(B×1.609) ni). Lẹ́tà pupa tó wà lókè bọ́tìnì ni A àti B, ALPHA lẹ máa kọ́kọ́ tẹ̀. Ẹ wá tẹ CALC, ó máa bi yín pé A?, ẹ fún un ní 19, ẹ tẹ =, ó máa bi B?, ẹ fún un ní 238, ẹ tẹ =, èsì dé. Tẹ́ ẹ bá tún tẹ = á tún bi yín lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibi tí ọwọ́ ẹ̀ kù sí ni pé tẹ́ ẹ bá ti pa á, fọ́múlà yẹn ti lọ, nọ́ńbà inú A àti B nìkan ló máa kù síbẹ̀, ẹ máa tún gbogbo ẹ̀ tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn kálíkúlétọ̀ TI-84 Plus mi, tòkunbọ̀ lòun náà, àwọn ọmọ ilé ìwé Amẹ́ríkà ló ń lò ó, bátìrì AAA mẹ́rin ló ń jẹ. Lórí èyí, ohun tẹ́ ẹ bá kọ lónìí ẹ máa bá a níbẹ̀ lọ́la. Ẹ tẹ PRGM, ẹ fi ọfà lọ sí NEW, ẹ tẹ ENTER, ẹ sọ ọ́ ní EPO, ẹ tẹ ENTER, kẹ́ ẹ wá kọ èyí:

:ClrHome
:Prompt K,L,P
:Input "MAILI? ",M
:If M=1
:1.609K→K
:100L/K→R
:Disp "LITA/100KM",R
:Disp "NAIRA/KM",LP/K
:Input "IRINAJO KM? ",D
:Disp "OWO EPO",RDP/100

Ẹ má tẹ Prompt tàbí Disp ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan o! Bí mo ṣe ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, ó kàn ń bú mi ní ERR:SYNTAX ṣáá. Inú PRGM náà lẹ ti máa mú wọn: If wà ní CTL, àwọn tó kù wà ní I/O. Ọfà → jẹ́ bọ́tìnì STO, òkè ON ló wà. = wà nínú 2nd MATH, àmì " wà lókè bọ́tìnì +. Tí àṣìṣe bá yọ, ẹ mú Goto, á gbé yín lọ sí ìlà tó bàjẹ́ gan-an, ohun tó wù mí jù lára ẹ̀ nìyẹn. K ni ohun tí tíríìpù kà, L lítà, P iye tí wọ́n ń ta lítà kan lọ́jọ́ yẹn. Tí mọ́tò yín bá ń ka máìlì ẹ fi 1 sí M, tí kò bá kà á ẹ fi 0. If tí kò ní Then lẹ́yìn, tí M ò bá jẹ́ 1, ìlà kan ṣoṣo tó tẹ̀ lé e ló máa fò, ohun tá a sì fẹ́ náà nìyẹn. Ẹ tẹ 2nd, ẹ tẹ MODE kẹ́ ẹ fi jáde.

Láti lò ó, PRGM, ẹ mú EPO, ENTER lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ ká ní 1000 náírà ni lítà: mo fún un ní 148, 19, 1000, mo fi 1 sí MAILI, ó ní 7.98 (èmi ti yí FLOAT inú MODE sí 2 kó má baà da nọ́ńbà jánganjàngan sílẹ̀), náírà 79.79 fún kìlómítà kan. Mo ní Èkó ni mò ń lọ, mo fún un ní 240, ó ní 19,149 náírà. Àlọ nìkan o, ẹ fi 480 sí i tó bá jẹ́ àlọ àti àbọ̀.

Nọ́ńbà ojú ọ̀nà nìyẹn ṣá. Tẹ́ ẹ bá kó sínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ, tẹ́ ẹ sì ń tan ẹ̀rọ tútù, mọ́tò máa jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà mo ní nọ́ńbà méjì, ọ̀kan fún inú ìlú, ọ̀kan fún ọ̀nà jíjìn, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo wọn wọ́n. Tí bátìrì TI bá kú pátápátá, pírógíráàmù lè pòórá, ẹ lọ sí 2nd + kẹ́ ẹ fi Archive pa á mọ́, ẹ kàn máa rántí pé ẹ gbọ́dọ̀ UnArchive ẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Èmi tún kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé kan tí mo fi sínú àpótí iwájú mọ́tò, torí ọmọ àbúrò mi gba TI yẹn lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan ó ní òun fẹ́ gba géèmù sí i, ó sì pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́.