Àṣìṣe tí àwọn tó ń kó tablebase ṣẹ́ẹ̀sì sórí kọ̀ǹpútà máa ń ṣe

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ṣẹ́ẹ̀sì n'Ífẹ̀, yálà nínú ọgbà OAU tàbí ní Lágéré, ẹ má fi dátà yín ṣòfò. Tablebase ni àkójọ fáìlì tó ní ìdáhùn ìparí ayò ṣẹ́ẹ̀sì nínú. Syzygy, èyí tí Ronald de Man ṣe, mọ òótọ́ ipò tí ọmọ ayò tó ṣẹ́ kù kò bá ju méje lọ: ẹni tí yóò borí, tàbí ọ̀mì. Ṣùgbọ́n fáìlì kan tó bàjẹ́ lè mú kí Stockfish, ẹ́ńjìnnì (ètò kọ̀ǹpútà) tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, kú lójijì lẹ́nu iṣẹ́.

Ìwọ̀n ni àṣìṣe tó ń náni lówó jù. Ti ọmọ 3 sí 5 kò tó 1 GB. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ti ọmọ 6 tó nǹkan bí 160 GB, ti ọmọ 7 sì jẹ́ 18.4 TB. Ẹ lè rí 16.7 níbòmíràn. TiB nìyẹn, 1,024 ni wọ́n fi ṣírò ẹ̀, bẹ́ẹ̀ 1,000 ni àwọn tó ń ta díìsì fi ń ṣírò tiwọn. Nítorí náà díìsì 18 TB kò ní gbà á, téèpù LTO-9 (téèpù tí wọ́n fi ń pa dátà mọ́) náà kò ní gbà á.

Ẹ má sì ra flash tí wọ́n kọ 2 TB sí lára lówó pọ́ọ́kú. Inú ẹ̀ lè má ju 32 GB lọ. Tó bá kún, á máa kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí láì sọ fún yín. Ẹ kọ́kọ́ fi H2testw dán an wò lórí Windows, tàbí f3write àti f3read lórí Linux.

Àwọn kan máa ń torí àyè kó .rtbw nìkan. Èyí ló ń sọ ẹni tó ń borí; .rtbz ló ń tọ́ ẹ́ńjìnnì sọ́nà kí òfin àádọ́ta ìṣísẹ̀ (ọ̀mì ni bí àádọ́ta ìṣísẹ̀ bá kọjá láìpa ọmọ, láìsún pawn) tó ká a mọ́. Láìsí i, ó lè máa yí ọba kiri nínú ayò tó ti jẹ tán. Bí àyè SSD (díìsì tó yára, tí kì í yí) bá kéré, .rtbw ni kí ẹ fi síbẹ̀; .rtbz lè wà lórí díìsì tó ń yí. Ẹ má sì fo ọmọ 3 sí 5 nítorí pé ẹ ti ní 6: bí wọ́n bá ti pa ọmọ kan, inú fáìlì kékeré ni ìdáhùn wà.

Bí iná bá lọ láàárín dáńlóòdù, wget -c á bá a lọ láti ibi tó dúró. Tó bá parí, ẹ tẹ md5sum -c checksum.md5 láti mọ̀ bóyá fáìlì kan bàjẹ́. Ẹ má gbára lé iye tí Stockfish kà: fún ọmọ 3 sí 6, WDL (.rtbw) 510 àti DTZ (.rtbz) 510 ló yẹ kó rí, ṣùgbọ́n kò yẹ inú fáìlì wò kó tó kà á. Bí fódà bá ju ọ̀kan lọ, àmì ; ló ń pín wọn nínú SyzygyPath (ibi tí ẹ ti ń sọ ibi tí fáìlì wà fún Stockfish) lórí Windows, àmì : ni ti Linux.

Ẹ má torí ìròyìn pípa dátà mọ́ sínú DNA tàbí sínú dígí Project Silica ti Microsoft dá SSD dúró. Ìpamọ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni wọ́n wà fún, ẹ́ńjìnnì sì nílò ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdáhùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Fún ọmọ 7, Lichess ti gbé gbogbo ẹ̀ sórí sáfà lọ́fẹ̀ẹ́: ẹ ṣí analysis board, ẹ tẹ àwòrán ìwé.