Kí ẹ tó kó ẹrù lọ sí Èkó: àwọn àṣìṣe tó ń sọ owó oṣù ńlá di òfo

Iṣẹ́ kan yọ ní Ìkẹjà, wọ́n ní àwọn yóò máa san 170,000 náírà lóṣù. Ẹni tó ń gba 90,000 ní Òṣogbo gbọ́, ó ti ń wá báàgì tí yóò kó aṣọ sí. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ti ń bẹ̀rẹ̀: iye tí wọ́n pè ló ń wò, kò wo èyí tí yóò kù sí i lọ́wọ́. Ẹ mú bírò, ká ṣírò ó.

Òṣogbo ná. Ká ní yàrá àti pálọ̀ tó ń gbé jẹ́ 200,000 lọ́dún. Bí a bá pín in sí oṣù méjìlá, nǹkan bíi 16,700 ni lóṣù. Owó ọkọ̀ lọ, owó ọkọ̀ bọ̀, 800 lójúmọ́. Bí ọjọ́ iṣẹ́ bá jẹ́ 22 lóṣù, 17,600 nìyẹn. Nínú 90,000 yẹn, nǹkan bíi 55,700 ló kù fún oúnjẹ àti gbogbo ìyókù.

Ó wá dé Èkó. Ilé tó wà ní Ìkẹjà ga ju ọwọ́ rẹ̀ lọ, ló bá gba yàrá kan tó ní bálùwẹ̀ tirẹ̀ ní Ìbàfò, 600,000 lọ́dún, ìyẹn 50,000 lóṣù. Láti ilé dé títì márosẹ̀ ó di kẹ̀kẹ́, láti ibẹ̀ dé Bẹ́gà ó di dáńfó, láti Bẹ́gà dé Ìkẹjà ó tún di ọkọ̀ mìíràn. Ká pe gbogbo rẹ̀ ní 1,800 lọ, 1,800 bọ̀. Lọ́jọ́ 22, ó di 79,200. Nínú 170,000, ohun tó kù ni 40,800. Owó oṣù fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, síbẹ̀ ohun tó kù sọ́wọ́ fi nǹkan bíi 15,000 dín sí ti Òṣogbo. A ò tíì dárúkọ oúnjẹ tí yóò máa rà jẹ níta nítorí pé aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló ń wọlé.

Àpẹẹrẹ la fi àwọn iye yìí ṣe. Ẹ fi tiyín rọ́pò wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi owó ọkọ̀ tí ẹnì kan sọ fún yín lọ́dún méjì sẹ́yìn ṣírò. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ ló sábà máa ń jẹ èrè ẹni tó ṣí lọ sí Èkó mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹlòmíràn a ní owó oṣù tó kéré jù tí wọ́n kéde fún òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́dún 2024 jẹ́ 85,000 l'Ékòó nígbà tó jẹ́ 75,000 l'Ọ́ṣun. Òótọ́ ni, 10,000 ló fi jùra. Kò tó owó ọkọ̀ ọjọ́ mẹ́ta nínú ìṣirò òkè yìí.

Ibi iṣẹ́ ló yẹ kó yan ilé fún yín

Ọ̀pọ̀ ló máa ń gba ilé nítosí ẹni tí wọ́n mọ̀, kí wọ́n tó wá wo ọ̀nà ibi iṣẹ́. Ẹ yí i padà. Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí iṣẹ́ wà, kí ẹ wá ọ̀nà tó lọ tààrà síbẹ̀, kí ẹ tó wá ilé lójú ọ̀nà náà. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní Red Line ti ń gbé èrò láti oṣù kẹwàá ọdún 2024, láti Agbádo dé Oyíngbò. Ó ń dúró ní Ìjù, Agége, Ìkẹjà, Oṣòdì, Muṣin àti Yàbá. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìkẹjà tàbí Yàbá, Agbádo àti Ìjù ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ wo ilé sí, kì í ṣe ibi tí yóò ti máa fi orí bọ súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ afárá Kara lójú ọ̀nà Ìbàfò láràárọ̀. Káàdì Cowry ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́, kì í ṣe owó ọwọ́.

Ti reluwé Ìbàdàn yàtọ̀. Àwọn kan ń rò pé àwọn lè máa gbé Moníyà kí àwọn sì máa lọ ṣiṣẹ́ l'Ékòó lójoojúmọ́. Ìrìn rẹ̀ ju wákàtí méjì lọ, iye ìgbà tó ń lọ lóòjọ́ kò sì pọ̀. Ó dára fún ẹni tó ń lọ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.

Ìbàfò, Mágbọ̀rọ̀ àti Mowe, Ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkó ni gbogbo ará ibẹ̀ ń pe ara wọn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ lásán. Ètò ìlera tí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe wà fún ẹni tó ń gbé inú rẹ̀: tí ẹ bá ń gbé Ìbàfò, ti Ògùn ló kàn yín, kì í ṣe Ìlera Èkó.

Wíwo ilé nínú fóònù

Àwòrán kì í fi àgbàrá hàn. Ẹ má san kọ́bọ̀ lórí ilé tí ẹ kò fẹsẹ̀ dé, kódà bó ṣe ẹ̀gbọ́n yín ló bá yín wò ó. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ lọ wò ó láàrin oṣù keje sí oṣù kẹwàá, nígbà tí òjò ń rọ̀. Ní agbègbè odò Ògùn, bí Ìsherì, Agbóyì àti Ajégúnlẹ̀ ọ̀nà Ìkòròdú, omi lè gun orí ilẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò ò rọ̀ rárá, nítorí pé wọ́n tú omi sílẹ̀ láti dáàmù Ọ̀yán lókè lọ́hùn-ún.

Tó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀rùn ni ẹ lọ, ara ilé fúnra rẹ̀ á sọ̀rọ̀. Ẹ fi iwájú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn sílẹ̀, kí ẹ lọ sí ẹ̀yìn. Bí ọ̀dà bá ti wú tó ń ṣí bí èèpo láti ilẹ̀ dé orókùn, tí ìlà aláwọ̀ ẹrẹ̀ kan sì fà gbọọrọ yí ilé ká, ibi tí omi dé nìyẹn. Ẹ wo ibi tí wọ́n fi sọ́kẹ́ẹ̀tì iná sí. Bó bá ga dé àyà nínú gbogbo yàrá, ẹnì kan ti kọ́gbọ́n. Bí fíríìjì aládùúgbò bá jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, tí wọ́n sì to búlọ́ọ̀kù mìíràn láti géètì dé ẹnu ọ̀nà, ọ̀nà ìgbà òjò ni, kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ra àkàrà lọ́wọ́ ìyá tó ń dín in lẹ́bàá títì, kí ẹ bi wọ́n pé, "Mà, ṣé òjò ọdún tó kọjá wọlé níbí?" Éjẹ́ǹtì á parọ́. Ìyá alákàrà ò ní ìdí tí wọ́n fi máa parọ́.

Ẹ bu omi kànga ẹ̀rọ sínú abọ́ funfun, kí ẹ bẹ aládùúgbò pé kó bá yín fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Omi tó mọ́ gaara nígbà tí wọ́n fà á lè ti pọ́n bí ìdọ̀tí irin tó bá sùn, torí irin inú rẹ̀ ti pàdé afẹ́fẹ́. Aṣọ funfun ò ní í gbádùn ilé bẹ́ẹ̀, ẹ ó sì máa ra omi mu. Ẹ bèèrè nọ́ńbà mítà iná kí ẹ mọ̀ bóyá gbèsè wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì bèèrè irú báńdì tí àdúgbò náà wà. Báńdì A ń rí iná tó wákàtí 20 lóòjọ́, ṣùgbọ́n yúnìtì kan lé ní 200 náírà. Ẹni tó fẹ́ máa lo ẹ̀rọ amúlétutù níbẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sórí ìwé ìṣirò.

Owó tí wọ́n ń pè ní owó ilé kọ́ ni gbogbo owó. Lórí ilé 600,000 yẹn, bí éjẹ́ǹtì bá gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, tí àgírímẹ́ǹtì náà gba ìdá mẹ́wàá, tí owó ìdúró fún ìbàjẹ́ sì tún jẹ́ ìdá mẹ́wàá, ó ti di 780,000 kí ẹ tó ra bẹ́ẹ̀dì. Àwọn éjẹ́ǹtì mìíràn ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà, "Èló ni àpapọ̀ rẹ̀?" ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Òfin ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 kò gbà kí onílé gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Ó yọ Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀. Ẹ má san owó ilé sínú àkáǹtì éjẹ́ǹtì láìrí onílé tàbí agbẹjọ́rò rẹ̀ sójú. Àpò kan náà ni wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn mẹ́rin lórí yàrá kan. Kí ẹ tó san, ẹ kan ilẹ̀kùn ayálégbé kan nínú ọgbà náà, kí ẹ bi í léèrè orúkọ onílé, kí ẹ wò ó bóyá ó bá ti orí ìwé mu.

Oníṣẹ́ ọwọ́ àti ọlọ́kadà

Ẹni tó ń ronú pé òun á gbé ọ̀kadà òun láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá fi ṣiṣẹ́ l'Ékòó, kó dúró díẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022 ni wọ́n ti fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà: Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Etí-Ọ̀sà, Àpápá, Lagos Mainland àti Lagos Island. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n fi Kòṣòfẹ́, Oṣòdì-Ìsọlọ̀, Ṣómólú àti Muṣin kún un. Bí wọ́n bá gbà á, wọ́n á rún un wómúwómú. Ọ̀kadà kan ṣoṣo tó jẹ́ gbogbo ogún èèyàn kì í ṣe ohun tí a fi ń dánwò.

Ti télọ̀, onídìrí àti mẹkáníìkì kò ní òfin nínú, ṣùgbọ́n ó ní ìgbà ìyàn. Oníbàárà kì í bá èèyàn ṣí lọ. Télọ̀ tó ti lo ọdún mẹ́jọ ní Adó-Èkìtì, àwọn tó ń gbé aṣọ ìyàwó wá fún un kò ní í wọkọ̀ tẹ̀ lé e dé Ìyànà-Ìpájà. Owó ṣọ́ọ̀bù á dúró dè é, owó ẹgbẹ́ á dúró dè é, oníbàárà nìkan ni kò sí. Ẹ fọwọ́ sí i pé ó kéré tán oṣù mẹ́fà, ṣọ́ọ̀bù ò ní í bọ́ yín. Èyí tó sàn jù ni pé kí ẹ ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn fún oṣù mẹ́ta mẹ́rin, kí ẹ mọ iye tí wọ́n ń rán búbá àti ìró níbẹ̀, kí ẹ tó gba tiyín.

Kí ẹ tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀

Ìpè orí fóònù kì í ṣe ìwé ìgbanisíṣẹ́. Ẹ má fi iṣẹ́ sílẹ̀ títí ìwé tuntun yóò fi dé ọwọ́ yín, pẹ̀lú iye owó oṣù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó orí àti ti ìfẹ̀yìntì. Ẹni tó bá wà nínú ètò ìfẹ̀yìntì alájọdá, nọ́ńbà RSA (àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì) rẹ̀ kan náà ló máa bá a lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí òmíràn fún yín. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ní láti kọ́kọ́ bèèrè ní ọ́fíìsì rẹ̀ ohun tí iye ọdún tó ti lò yóò sọ owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ dà, nítorí pé ẹlòmíràn ń kúrò nígbà tó ku oṣù díẹ̀ kó pé iye ọdún tó yẹ.

Ìwé ọmọ ìbílẹ̀ yín, ẹ má sọ ọ́ nù. Iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ àti owó ìrànwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń wo ìlú bàbá èèyàn, kì í ṣe ibi tó ń gbé.

Ọmọ tó wà ní JSS 3 tàbí SS 3, ẹ jẹ́ kó parí sí ibi tó wà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣètò ìdánwò JSS 3 tirẹ̀, ilé ìwé SS 3 sì ti ní máàkì ọdún tó kọjá lọ́wọ́ fún WAEC. Àwọn tó kù, àárín oṣù keje sí oṣù kẹjọ ni kí ẹ gbé wọn, kí wọ́n lè bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wọlé lóṣù kẹsàn-án.

Lọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí

"Mo kàn fẹ́ sùn lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀" ti ya ọ̀pọ̀ ọmọ ìyá. Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ máa kúrò kí ẹ tó dé, ọjọ́ gan-an. Ẹ gbé àpò ìrẹsì kékeré àti epo wá, kí ẹ máa dá owó iná láti oṣù àkọ́kọ́ tí ẹ dé láìdúró kí wọ́n tó sọ ọ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ yẹn náà sì ni ẹ ó fi dán ọ̀nà wò. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ lọ dúró níwájú ilé tí ẹ fẹ́ gbà ní aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀, kí ẹ wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́, kí ẹ kọ iye tí ẹ san ní bọ́ọ̀sìtọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ àti aago tí ẹ dé. Ẹ padà ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kí ẹ kọ tìyẹn náà. Ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀. Àwọn iye wọ̀nyẹn ni kí ẹ gbé padà sórí ìwé ìṣirò. Bí ohun tó kù lọ́wọ́ kò bá ju ti Òṣogbo lọ, ẹ pe ilé iṣẹ́ padà, kí ẹ bèèrè àfikún tàbí kí ẹ sọ pé ẹ kò wá mọ́, nígbà tí yàrá yín ní Òṣogbo ṣì wà lọ́wọ́ yín.