Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ètò ibi ìpamọ́ VM lórí Proxmox

Ọjọ́ tí dísíkì bá kún, tàbí tí iná bá lọ lójijì, ni àṣìṣe tí a ti ṣe látìgbà tí a ti ń to sáfà Proxmox (sọ́fítíwíà tó ń ṣètò VM) máa ń jáde. Títí dìgbà yẹn, gbogbo VM, ìyẹn kọ̀ǹpútà àfarawé tó ń ṣiṣẹ́ nínú sáfà náà, á máa yá bó ṣe yẹ. Ohun tó sì burú níbẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú àwọn àṣìṣe yìí kò ṣeé tún ṣe láìkọ́kọ́ kó dátà kúrò.

Ẹ má fi káàdì RAID (èyí tó ń so dísíkì púpọ̀ pọ̀ di ẹyọ kan) sáàárín dísíkì àti ZFS, ètò tó ń tọ́jú dátà lórí dísíkì. ZFS fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí dísíkì kọ̀ọ̀kan. Bí káàdì bá ti so mẹ́rin pọ̀ di ẹyọ kan, ZFS á ṣì mọ̀ pé dátà ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò ní rí ẹ̀dà kejì tí yóò fi tún un ṣe. Ẹ yí káàdì náà sí IT mode, kó lè fi dísíkì kọ̀ọ̀kan han ZFS bó ṣe wà. Bí kò bá gbà, ẹ fi ZFS sílẹ̀, kí ẹ lo LVM-thin (ètò ìpamọ́ Linux tó ń fúnni ní àyè bí a bá ṣe ń lò ó) lórí RAID rẹ̀.

Ẹ má ra HDD (dísíkì tó ń yí) tó jẹ́ SMR. Ìlà tó ń kọ dátà sí gorí ara wọn bíi páànù òrùlé: láti yí ọ̀kan padà, ó ní láti tún àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kọ. Ní ti SSD, ẹ wo bóyá ó ní PLP, ìyẹn kápásítọ̀ tó ń mú iná dúró títí dátà tó wà lọ́nà á fi dé ilé. Database inú VM kì í gbà pé iṣẹ́ parí àfi tí dísíkì bá jẹ́rìí sí i. SSD tó ní PLP lè jẹ́rìí lójú ẹsẹ̀. Èyí tí kò ní gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ ọ́ tán, ibẹ̀ ni VM ti ń fà. Ẹ má ṣọ́wó ná níbí.

Ìwọ̀n búlọ́ọ̀kù tí kò bá RAIDZ (RAID ti ZFS fúnra rẹ̀) mu ni àṣìṣe tó ń jẹ àyè jù, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Dísíkì mẹ́fà, 4TB ọ̀kọ̀ọ̀kan, lórí RAIDZ2 (èyí tí dísíkì méjì lè kú kí dátà má sọnù): lójú ìwé, 16TB ni. Pẹ̀lú `ashift=12`, tó ń sọ ìwọ̀n sẹ́kítọ̀ fún ZFS, sẹ́kítọ̀ kan (ẹyọ tó kéré jù tí ó ń kọ) jẹ́ 4K. Bí volblocksize, ìyẹn ìwọ̀n búlọ́ọ̀kù dísíkì VM, bá jẹ́ 8K, sẹ́kítọ̀ 2 ni dátà, parity 2 (àfikún tí a fi ń tún dátà tó sọnù ṣe) á tún kún un, ó di 4. Ṣùgbọ́n lórí RAIDZ2, mẹ́ta-mẹ́ta ni ZFS ń pín àyè, nítorí náà ó á fi 2 òfìfo kún un kó lè pé 6. Dísíkì VM 1TB á wá jẹ 2TB nínú 16TB yẹn. Ẹ gbé e sí 16K: dátà 4, parity 2, ó pé 6 láìsí òfìfo kankan. Láti OpenZFS 2.2, 16K ló wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀, àmọ́ dísíkì VM tí wọ́n ti fi 8K dá kò ní yí padà. Ẹ tún Block Size ṣe nínú Datacenter, Storage, kí ẹ wá fi Move Storage gbé dísíkì náà lọ síbòmíràn, kí ẹ sì gbé e padà.

Síbẹ̀, bí àyè bá tó yín, mirror (dísíkì méjì tó ń gbé ẹ̀dà kan náà) ló dára jù fún VM. Nínú kíkọ kéékèèké káàkiri, RAIDZ kan kò yá ju dísíkì kan lọ púpọ̀. Mirror méjì-méjì lọ́nà mẹ́ta á fún yín ní 12TB péré, ṣùgbọ́n ó ń kọ bíi dísíkì mẹ́ta.

Lórí LVM-thin, ìlérí ni ìwọ̀n dísíkì VM. VM mẹ́wàá tí ẹ fún ní 100GB lọ́kọ̀ọ̀kan lórí thin pool (àyè tí gbogbo wọn jọ ń lò) 500GB á ṣiṣẹ́ dáadáa títí ìlérí á fi pé. Tí pool bá kún, ìkọ̀wé inú VM á kùnà, fáìlì wọn sì lè bàjẹ́. Ẹ máa fi `lvs -a` wo Data% àti Meta%. Kí èyíkéyìí tó kọjá 80, ẹ wá nǹkan ṣe. Fáìlì tí ẹ pa nínú VM kì í dá àyè padà fúnra rẹ̀: ẹ yan Discard lórí dísíkì VM náà, kí ẹ sì máa ṣe `fstrim -av` nínú VM tó bá jẹ́ Linux.

Níbi Cache dísíkì VM, ẹ má yan Write back (unsafe) nítorí kó lè yá. VM á rò pé dátà ti dé dísíkì nígbà tó ṣì wà nínú RAM. No cache tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti tó.

Snapshot (àwòrán bí VM ṣe wà ní àkókò kan) kì í ṣe backup. Orí dísíkì kan náà pẹ̀lú VM ló wà. Bí dísíkì bá kú, wọ́n kú pọ̀ ni. Bó bá sì pẹ́, ó ń mú àyè dání. Ẹ fi vzdump (irinṣẹ́ backup inú Proxmox) tàbí Proxmox Backup Server kó ẹ̀dà sórí ẹ̀rọ mìíràn, kí ẹ sì dán an wò lóṣooṣù: ẹ fi nọ́ńbà VM tuntun dá a padà, ẹ yan Disconnect lórí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kí ẹ tó tàn án, kí VM méjì má baà máa jẹ́ IP kan náà.