Àwọn àṣìṣe tó máa ń jẹ́ kí ọtí àti ṣúgà tún máa wu èèyàn lẹ́yìn tó ti ní òun ò ṣe mọ́

Ọ̀rọ̀ yìí ń dun ọ̀pọ̀ ilé n'Íbàdàn, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ láìfi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Èèyàn á ti pinnu pé òun ò ní mutí mọ́, tàbí pé òun ti fi mínírà sílẹ̀, á tiẹ̀ ti sọ fún ìyàwó, á ti sọ fún pásítọ̀ tàbí àáfà, kó tó di Ọjọ́rú gbogbo ẹ̀ ti tú. Àwọn ará ilé á wá máa sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò ṣeé gbọ́kàn lé, pé kò nítìjú. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ló fẹ́ jáwọ́ lóòótọ́, ọ̀nà tí wọ́n gbé e gbà ni ò dáa, wọ́n ń bá ọkàn jà nígbà tó jẹ́ pé inú ló ṣófo.

Kéèyàn máa fi ebi jáwọ́, àṣìṣe tó burú jù nìyẹn nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹ wo awakọ̀ Micra tó ń ná Ìwó Road sí Gate. Ó ti jáde láago márùn-ún ìdájí, búrẹ́dì àti mínírà kan ló fi panu ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, kò tún jẹ nǹkan míì títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú torí owó tó fẹ́ kó jọ fún ọlọ́kọ̀. Búrẹ́dì àti mínírà yẹn, kíá ni wọ́n ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, á gòkè, kò sì ní pẹ́ tó fi máa já wálẹ̀, ara á wá rẹ̀ ẹ́, ọwọ́ á máa gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, gbogbo èrò tó bá ti béèrè ṣenji ló máa dà bí ẹni pé wọ́n fẹ́ bá a jà. Tó bá wá di ìrọ̀lẹ́ tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá tó ń ta paraga, ìlérí wo ló fẹ́ rántí? Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ọtí tí kò bá oúnjẹ nínú, wéré ló ń gun orí, ara sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló ṣe ń bèèrè ẹ. Ibi tó tún le sí ni pé ẹ̀dọ̀ ló máa ń bá wa ṣe ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tá ò bá tíì jẹun, ṣùgbọ́n tí ọtí bá ti wọlé, ọtí ni ẹ̀dọ̀ máa kọ́kọ́ kọjú sí, á pa iṣẹ́ ṣúgà yẹn tì, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á tún lọ sílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí kan nìyẹn tí ẹni tó mutí láìjẹun lálẹ́ àná fi máa ń wá nǹkan dídùn kiri láàárọ̀. Ọ̀rọ̀ ọtí àti ọ̀rọ̀ ṣúgà ò jìnnà síra rárá.

Torí náà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ tẹ́ ẹ ti jáwọ́, ẹ kọ́kọ́ máa jẹun àárọ̀. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ lọ ra oúnjẹ olówó gọbọi o. Ẹ̀wà ni, mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ ni, ẹyin sísè méjì ni, àkàrà àti ògì tí ṣúgà ẹ̀ ò pọ̀. Ẹ̀wà máa ń pẹ́ nínú kó tó dà, ṣúgà tó bá ti ara ẹ̀ jáde máa ń rọra wọ ẹ̀jẹ̀ ni, kì í dédé gòkè kó sì já. Tẹ́ ẹ bá sì ti mọ aago tí ọtí máa ń wù yín, ẹ ti jẹ nǹkan síwájú aago yẹn, ká ní aago mẹ́fà ni, ẹ ra bọ́ọ̀lì àti ẹ̀pà láago mẹ́rin ààbọ̀, tàbí wàrà, tàbí ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá yó máa ń ronú kó tó dáhùn tí ọ̀rẹ́ bá pè é. Àwa tá a wà n'Íbàdàn tún láǹfààní kan, gbẹ̀gìrì tá à ń bù lé àmàlà, ẹ̀wà ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n bù ú dáadáa, kẹ́ ẹ dín òkèlè kù, kẹ́ ẹ fi ẹja tàbí ẹran kún un dípò kẹ́ ẹ tún ní kí wọ́n fi àmàlà kan sí i. Gààrí náà kì í ṣe ọ̀tá, ìṣòro ibẹ̀ ni kóro ṣúgà mẹ́rin márùn-ún tá à ń dà sí i, ẹ fi ẹ̀pà tàbí kúlíkúlí mu ún.

Ẹni tó ti ń mutí tipẹ́ tún ní nǹkan kan tó ń jẹ gbèsè ẹ̀ fún ara, fítámì B1 ni, thiamine. Ọtí kì í jẹ́ kí ara gbà á dáadáa, èyí tó wà nílẹ̀ náà á sì máa tán. Àìtó ẹ̀ lè ba ọpọlọ jẹ́, èèyàn á máa gbàgbé nǹkan, ojú ò ní ríran dáadáa, ẹsẹ̀ ò ní dúró nílẹ̀. Ó wà nínú ẹ̀wà àti ẹ̀pà, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń mu púpọ̀, oúnjẹ nìkan ò ní tó o, dókítà ló yẹ kó fún un.

Àṣìṣe kejì ni ti àwọn tó gbé ọtí jù sílẹ̀ tí wọ́n wá gbé mínírà. Wọ́n á ní mi ò mu bíà mọ́, mọ́ọ̀tì ni mò ń mu báyìí, ó ń fúnni lẹ́jẹ̀. Mo mọ ìdí tó fi ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ibi tí ọtí ń dùn mọ́ nínú ọpọlọ náà ni nǹkan dídùn ń kàn, nígbà tí ọ̀kan bá lọ, ara á na ọwọ́ sí ìkejì. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tí nǹkan dídùn bá ń wù yín burúkú-burúkú, mi ò ní bá yín jà tẹ́ ẹ bá jẹ ọsàn, ìbẹ́pẹ tàbí àgbálùmọ̀ tó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka ara ìgò mínírà. Èyí tó bá ní gíráàmù 10 nínú mílílítà 100, ìgò 50cl ẹ̀ ti di gíráàmù 50, ìyẹn bíi síbí tíì méjìlá, bẹ́ẹ̀ àjọ ìlera àgbáyé WHO ní kí ṣúgà tí wọ́n fi kún nǹkan má ju nǹkan bí gíráàmù 50 lọ lóòjọ́ fún àgbàlagbà, pé tó bá lè má ju 25 lọ ló tún dáa jù. Ìgò kan péré ti kó gbogbo ẹ̀ tán. Ìjọba tiẹ̀ ti gbé owó orí náírà 10 lé lítà mínírà kọ̀ọ̀kan nínú òfin ìnáwó ọdún 2021, ẹ̀rí ni pé wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti ń kó wa sí wàhálà. Ènájì dírìǹkì tún burú ju mínírà lọ fún ẹni tó ń gbìyànjú láti jáwọ́, kafíínì inú ẹ̀ ò ní jẹ́ kó sùn, tó bá sì pò ó mọ́ ọtí, kò ní tètè mọ̀ pé òun ti yó, á tún mu sí i.

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ sórí jẹ̀dí, torí ọ̀rọ̀ yìí ń ká mi lára gan-an. Gbogbo wa la gbọ́ ọ láti kékeré pé ṣúgà ló ń fa jẹ̀díjẹ̀dí, torí náà ẹni tó bá ti jẹ nǹkan dídùn púpọ̀, ọ̀dọ̀ alágbo ló máa gbà lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, á ní kí wọ́n bá òun po jẹ̀dí àti ọ̀pá ẹ̀yìn pọ̀. Alágbo á bi í pé ti omi ni àbí ti ọtí, ti ọtí ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin máa ń yàn, wọ́n ní òun ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn míì á ní kí wọ́n bá wọn fi mínírà aláìláwọ̀ rẹ ẹ́. Ẹ wò ó, ẹni tó ń sá fún ṣúgà ló ń fi ọtí wẹ̀ ẹ́ nù, ẹni tó sì sọ pé òun ò mutí ló ń mu ògógóró láago méje àárọ̀ láìtíì jẹun, tí kò sì kà á sí ọtí torí pé ewé àti egbò wà nínú ẹ̀! Mo ti rí àwọn bàbá tí wọ́n á búra fún ẹ pé ó ti lé lọ́dún kan tí ọtí kan ẹnu wọn, ṣùgbọ́n tí wọn ò lè lọ síbi iṣẹ́ láìya ọ̀dọ̀ alágbo. Àwọn bításì inú ìgò kékeré àti inú ọ̀rá náà ńkọ́? Ẹ wo ara wọn, wọ́n kọ ìdá ọtí tó wà níbẹ̀ síbẹ̀, òmíràn lé ní ìlọ́po mẹ́fà ti bíà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mu àgbo, ọ̀rọ̀ tiyín nìyẹn, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ti ọtí, ọtí lẹ mu, ara ò mọ̀ pé oògùn lẹ pè é, ọjọ́ kejì á tún bèèrè ẹ. Ìgbẹ́ tó ń le, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní jẹ̀dí, omi mímu, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà lè tún un ṣe.

Ibi tí mo ti ń bẹ yín jù nìyí. Ẹni tó bá ń mutí lójoojúmọ́, tó ti pọ̀, tí ọwọ́ ẹ̀ ti máa ń gbọ̀n láàárọ̀ àfi tó bá mu díẹ̀, ẹ má jẹ́ kó dédé dá a dúró nílé lọ́jọ́ kan. Ó lè pa á. Láàárín nǹkan bí wákàtí mẹ́fà sí ọjọ́ kan lẹ́yìn ife tó mu gbẹ̀yìn, òógùn á máa bò ó, ọkàn á máa sáré, kò ní rí oorun sùn, gìrì lè gbé e láàárín ọjọ́ méjì, tó bá di ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ó lè máa rí ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí, kó máa bá ògiri sọ̀rọ̀. Níbẹ̀ yẹn ni àwọn ẹbí máa ń sọ pé wọ́n ti ṣe é, wọ́n á gbé e lọ sórí òkè, wọ́n á ní kó gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbà nínú àdúrà, mi ò sì ní sọ pé kẹ́ ẹ má gbà á, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sí ọsibítù, ẹ jẹ́ kó jẹun, kó mu omi, àdúrà ò ní kí ebi pa á. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó máa ń pe nọ́ọ̀sì àdúgbò kó wá fa dírípù glucose, ìyẹn omi ṣúgà, sí i lára nínú yàrá, láìsọ fún nọ́ọ̀sì náà pé ọtí lẹni náà ń mu. Tí glucose bá wọlé tí kò sí B1 níbẹ̀, ó lè sọ àìtó B1 yẹn di ìjàǹbá lórí ọpọlọ, ìyẹn làwọn dókítà ṣe máa ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní B1 ṣáájú. Ẹ sọ òótọ́ fún wọn, iye tó ń mu àti ìgbà tó mu gbẹ̀yìn, ẹ má tìjú.

Àwọn tó kù, kíákíá ni. Oyin ṣúgà ni, ẹ má fi síbí mẹ́rin ẹ̀ rọ́pò kóro mẹ́rin kẹ́ ẹ wá rò pé ẹ ti bọ́. Ẹ má dédé já ṣúgà inú tíì, ẹ dín kóro kan kù lọ́sẹ̀, ahọ́n á mọ́ ọn lára. Ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà tàbí abẹ́rẹ́ insulin, dókítà ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó yí oúnjẹ padà. Ẹ má fi ọtí wá oorun, á gbé yín sùn lóòótọ́ ṣùgbọ́n láago méjì òru ojú á dá, oorun tí ò tó yẹn gan-an ló máa jẹ́ kí nǹkan dídùn wù yín ní gbogbo ọjọ́ kejì. Tẹ́ ẹ bá ń lọ sí òde àríyá ní Sátidé, ẹ jẹun kúrò nílé, torí òde wa n'Íbàdàn, ọtí ló máa ń kọ́kọ́ dé orí tábìlì kí ìrẹsì tó dé. Àwọn tó ń ní kẹ́ ẹ mu ẹyọ kan péré, pé kò sóhun tó máa ṣe, WHO ti sọ ọ́ ní 2023 pé kò sí ìwọ̀n ọtí kankan tó wà tí kò léwu fún ara.

Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ̀yin màmá, mo mọ bí ó ṣe ń dùn yín tó. Ẹ má fi oògùn tí ẹnì kan tà fún yín sínú ọbẹ̀ ọkọ yín tàbí ọmọ yín kó lè kórìíra ọtí. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ wà lọ́dọ̀ dókítà, disulfiram ló ń jẹ́, ẹni tó lò ó tó wá mutí, èébì á gbé e, ọkàn á máa lù kìkì, ìfúnpá ẹ̀ lè já wálẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ pé òun lò ó lè kú síbẹ̀. Àwọn oògùn míì tún wà bíi naltrexone àti acamprosate tó ń dín bí ọtí ṣe ń wu èèyàn kù, dókítà ló máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bá a mu. Tó bá sì jáwọ́ fún oṣù kan tó wá ṣubú lọ́jọ́ kan, ẹ má kó gbogbo èébú ọdún márùn-ún jọ lé e lórí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ gbé oúnjẹ fún un, láàárọ̀ kẹ́ ẹ wá jọ bi ara yín pé kí ló ṣẹlẹ̀ lánàá, ṣé kò jẹun ni, àbí ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti dà á láàmú, àbí ó kọjá níbi tó máa ń mu ún. UCH ní ẹ̀ka àwọn dókítà ọpọlọ, ọsibítù ìjọba Adéọ̀yọ́ wà ní Ring Road tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ọsibítù Aró l'Ábẹ́òkúta náà ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ọtí àti oògùn olóró ti wọ̀ lára. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ bá a lọ, ẹ má ní kó dá lọ, kẹ́ ẹ sì rí i pé ó jẹun kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.