Bí Mo Ṣe Kun Rósì àti Ilé Olódi Àwọn Ọlọ́kọ̀ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Garawa omi tí wọ́n ń pè ní Buckby ni mo kọ́kọ́ yàn láti kùn nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ ọnà àwọn ọlọ́kọ̀ odò àtọwọ́dá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí tolórí tẹlẹ́mù mọ̀ sí rósì àti ilé olódi. Láyé ìgbà tí ìdílé àwọn ọlọ́kọ̀ ń gbé inú ọkọ̀ tóóró, ìyẹn ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ń kó ẹrù, orí òrùlé ọkọ̀ náà ni garawa yìí máa ń wà, omi mímu wọn ló sì máa ń wà nínú rẹ̀; orúkọ rẹ̀ wá láti Long Buckby ní Northamptonshire, níbi tí wọ́n ti máa ń tà á nígbà náà fún àwọn ọlọ́kọ̀ tó bá ń kọjá.

Síńkì tó wà lára garawa tuntun kì í jẹ́ kí ọ̀dà lẹ̀ bọ̀rọ̀. Mo fi fínígà nù ún dáadáa, mo fi omi ṣàn án, mo fi sánpépà ha á díẹ̀, kí n tó kun ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó bá irú irin bẹ́ẹ̀ mu. Mo fi pupa àti àwọ̀ ewé ya ìgbànú yí i ká lókè àti nísàlẹ̀, mo sì kun àárín ní dúdú, nítorí orí àwọ̀ tó ṣú ni òdòdó ti ń yọ jù.

Rósì àwọn ọlọ́kọ̀ kì í ṣe èyí tí à ń wò nínú ọgbà kí a tó yà á. Èèyàn á kọ́kọ́ ya róbótó kan: pupa tó ṣú fún rósì pupa, búráùn fún èyí tí yóò di yẹ́lò, píǹkì fún funfun. Nígbà tí ó bá gbẹ tán ni ewé òdòdó yóò bọ́ sórí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìfà búrọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo: a ó bu ọ̀dà tó pọ̀ díẹ̀, a ó tẹ búrọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, a ó yí i bó ṣe ń lọ, a ó sì gbé e kúrò kí ìrù rẹ̀ lè tín-ín-rín. Ẹni tó bá padà sórí ewé kan láti tún un ṣe ti bà á jẹ́. Olùkọ́ wa ní kí a máa yà á sórí ìwé ìròyìn àtijọ́ títí ọwọ́ wa yóò fi mọ ọ̀nà, ìmọ̀ràn yìí sì ṣe mí láǹfààní jù. Ìdí tí iṣẹ́ náà fi rí báyìí kò fara sin: láyé ìgbà tí wọ́n ń fi ọkọ̀ kó ẹrù, ọkọ̀ tó bá wà níbi àtúnṣe kì í pa owó wọlé, nítorí náà akunkọ̀ ní láti yára. Síbẹ̀, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà lè wo rósì kan kí ó sọ pé ọwọ́ Frank Nurser ti Braunston ni, tàbí ti Bill Hodgson ti Stoke-on-Trent.

Ilé olódi ni mo yà sórí pákó pẹlẹbẹ kan, torí pé ara ilẹ̀kùn àti kọ́bọ́ọ̀dù tó ń di tábìlì nínú yàrá ọkọ̀ ni ààyè rẹ̀ gan-an. Ojú ọ̀run ló ṣáájú, òkè aláwọ̀ búlúù tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà omi, afárá, ilé ìṣọ́ olórùlé pupa àti ọkọ̀ kékeré onígbòkun.

Èmi tí mo mọ̀ pé òpó gbọ̀ngàn Mápó ló wà nínú àdìrẹ Ìbàdàn Dùn ń retí pé rósì kọ̀ọ̀kan yóò ní ohun tí ó ń sọ, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ti orísun iṣẹ́ ọnà náà, àwọn kan ní ọ̀dọ̀ àwọn Roma, ẹ̀yà kan tó máa ń ṣí kiri ní Yúróòpù, ló ti wá, láìsí ẹ̀rí tó múná. Èmi fara mọ́ àwọn tó ń tọ́ka sí tírè àti ojú aago olódòdó tí àwọn ilé iṣẹ́ agbègbè Birmingham ń ṣe. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹrù mọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́, owó iṣẹ́ wọn já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ sì kó aya àti ọmọ sínú yàrá tí kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ ní gígùn, tí ìbú rẹ̀ kò sì tó 7. Ìròyìn kan tí wọ́n tẹ̀ ní 1858 ti ṣàpèjúwe irú ọ̀ṣọ́ yìí. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀ wà: àwọn ará orí ilẹ̀ ń fojú ẹlẹ́gbin wò wọ́n, yàrá tó ń dán, tó kún fún òdòdó, sì ni èsì wọn.

Fáníìṣì ló kẹ́yìn. Mo fi í sí i fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí etí ìfà búrọ́ọ̀ṣì má baà rì sínú rẹ̀, nítorí òun ni a fi ń mọ iṣẹ́ ọwọ́ yàtọ̀ sí àwòrán títẹ̀ tí wọ́n wá ń lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ lẹ́yìn tí ìjọba gba iṣẹ́ àwọn odò náà ní 1948. Fáníìṣì tí wọ́n fi òróró pò máa ń mú kí rósì funfun pọ́n rúsúrúsú bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ẹni tí kò bá fẹ́ èyí lè lo irú tí wọ́n fi omi pò, ṣùgbọ́n èmi fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.