Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá falẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ẹ ṣe upgrade kernel Linux

Ẹ̀yin ará, ẹ má tíì dá kernel (ọkàn Linux tó ń darí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà) lẹ́bi o. Èèyàn á ṣe upgrade lálẹ́, tó bá di àárọ̀ tí fáìlì ò sáré mọ́ ó ti ń bú kernel tuntun, bẹ́ẹ̀ wáyà ló fẹ́ já. Kernel àtijọ́ ni ẹlẹ́rìí tẹ́ẹ ní, ẹnu ẹ̀ lẹ ó ti gbọ́ òótọ́.

Ẹ tẹ uname -r kẹ́ẹ mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wá kọ̀ǹpútà kejì tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, ẹ tẹ iperf3 -s lórí ìyẹn (iperf3 ló ń wọn eré nẹ́tíwọ́ọ̀kì), kẹ́ẹ wá tẹ iperf3 -c pẹ̀lú àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀ lórí tiyín, kẹ́ẹ tún un ṣe pẹ̀lú -R torí ó lè jẹ́ pé fífiránṣẹ́ dáa, gbígbà ni ò dáa. Ẹ̀ẹ̀mẹta-mẹ́ta, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má fi íntánẹ́ẹ̀tì wọ̀n ọ́n rárá, wàhálà àwọn tó ń tà yín ní dátà á kàn dà pọ̀ mọ́ ọn ni. Ó wá kù kẹ́ẹ pa kọ̀ǹpútà, kẹ́ẹ tún un tàn, kẹ́ẹ wọ Advanced options nínú GRUB (ibi tẹ́ẹ ti ń yan kernel nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tàn), ẹ mú kernel àtijọ́, ẹ wọ̀n ọ́n padà, wáyà kan náà o! Tí méjèèjì bá jọra, ẹ fi kernel sílẹ̀ jàre.

Tó bá yàtọ̀ lóòótọ́, ẹ tẹ ethtool eth0 kẹ́ẹ rí bí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ṣe wà (eth0 lorúkọ káàdì, ip link á sọ orúkọ tiyín). Káàdì gígábíìtì kan gbọ́dọ̀ kọ Speed: 1000Mb/s, iperf3 á sì máa sún mọ́ 940 Mbits/s. Tí kernel tuntun bá kọ 100Mb/s tàbí Duplex: Half (kò lè fi ránṣẹ́ kó sì gbà lẹ́ẹ̀kan náà), ọwọ́ yín ti tẹ̀ ẹ́ nìyẹn.

Ẹ tẹ ethtool -i eth0, ó máa sọ driver (ètò tó ń darí káàdì) tẹ́ẹ ń lò, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kẹ́ẹ fara balẹ̀ sí tó bá jẹ́ káàdì Realtek lẹ ní. Ẹlòmíì ti fọwọ́ ara ẹ̀ fi driver r8168 sí i tipẹ́, kernel tuntun wá dé, DKMS (tó yẹ kó tún irú driver bẹ́ẹ̀ kọ́ fún kernel tuntun) ò kọ́ ọ fún un, r8169 tó wà nínú kernel á kàn gba iṣẹ́ náà, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wo dkms status, ẹ tún wo dmesg | grep -i firmware bóyá fáìlì firmware kan (ètò kékeré tí káàdì fúnra ẹ̀ ń lò) ò wọlé.

Tí driver ò bá yí padà, ẹ tẹ ethtool -k eth0, tó ń to àwọn ohun tó ń dín iṣẹ́ CPU kù lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, lórí kernel méjèèjì, ẹ fi diff wo ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. GRO, ọ̀kan nínú wọn, ló ń kó packet (ègé dátà) kéékèèké jọ di ńlá kí CPU má bàa máa gbà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, tó bá ti kú, ẹ ó rí i tí "si" (àkókò tí CPU ń lò lórí irú iṣẹ́ yìí) ń gòkè nínú top. Ẹ tẹ ethtool -K eth0 gro on, á jí i. Ọ̀kan lẹ ó máa yí o, kẹ́ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́ẹ tó fọwọ́ kan òmíì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ò ní mọ èyí tó wo àrùn náà sàn. Ẹ yẹ sysctl net.ipv4.tcp_congestion_control náà wò, bóyá bbr tẹ́ẹ ń lò ti di cubic (ọ̀nà méjì tí TCP ń gbà díwọ̀n eré tó fi ń ránṣẹ́).

Tí gbogbo ẹ̀ bá já sí asán, git bisect ló kù: ó máa ń pín àwọn àyípadà tó wà láàárín kernel méjèèjì sí méjì-méjì títí á fi rí èyí tó fa wàhálà, 10,000 àyípadà ò ju bíi ìdánwò ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá lọ. Kẹ́ẹ tó dé'bẹ̀, ẹ ti lè kọ bug report, uname -r méjèèjì, ethtool -i, àti iye tí iperf3 fún yín. Ẹ lè jókòó sórí kernel àtijọ́ ná, àmọ́ kó má pẹ́ o, àtúnṣe ààbò tuntun ò sí nínú ẹ̀.